Mo Tò Wọ́n bí Ẹni To Iṣu

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi ní àdúgbò Trans-Nkisi níbí, ọmọ ọ̀rẹ́ àti ọmọ àdúgbò, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Bàbá, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe?" Bí mo bá ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, àwọn kan á rò pé mo ń tà á, àwọn mìíràn á na fóònù wọn sí mi pé kí n bá àwọn wò ó. Iṣẹ́ tí mo ṣe kò ṣeé tò sórí àtẹ. Bó bá dára, kò sẹ́ni tó ń rí i. Ìgbà tó bá bàjẹ́ ni gbogbo ayé tó ń mọ̀ pé ẹnì kan wà nídìí rẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe é ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Onitsha, tí n kò ní dárúkọ, nítorí pé tèmi ni àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ, kì í ṣe tiwọn. Obìnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ àti orúkọ rere rẹ̀ nítorí ìlà mẹ́rìnlá tí mo kọ. Ẹni tó bá ń ro iṣẹ́ tí yóò ṣe láyé, kó kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn ná, kó tó gbọ́ nípa yàrá tó tutù àti àga tó ń yí.

Ìyàwó mi ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti ń sọ ọ́ fún bíi ọdún mẹ́wàá, èmi náà sì ń dá a lóhùn pé bí mo bá ráyè. Oṣù mẹ́tàlá rèé tí a ti sin ín. Àyè wá pọ̀ jù.

Ará Ìwó ni bàbá mi. Ó kó ẹní ìrun àti fìlà wá sí Onitsha láti tà, ó ní òun ò ní pẹ́ padà, ibẹ̀ ló sì kú sí. Nínú ilé, Yorùbá ni a ń sọ. Bí a bá ti fi ẹsẹ̀ kan tẹ ẹnu ọ̀nà, ó di Igbo àti Pidgin. Ó wù ú kí n jókòó ti ọjà òun, ṣùgbọ́n ìṣirò ló ń dùn mọ́ mi, mo sì lọ kà á ní yunifásítì. N kò ní pẹ́ lórí bí mo ṣe ríṣẹ́. Ilé ìwòsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà ńlá kan, wọ́n ń wá ẹni tó mọ ìṣirò tí kì í sì í sùn lẹ́nu iṣẹ́. Mo mọ ìṣirò. Mo purọ́ nípa oorun.

Ọ̀gá mi, Mazi Obiora, ọmọ Ogidi ni. Mazi ni Igbo ń pe ọkùnrin tó ti tó ẹni à ń bọ̀wọ̀ fún, gbogbo ilé ìwòsàn ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti bá irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lókè òkun kó tó padà wálé. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, n kò sì gbọ́ kó bú ènìyàn rí. Ẹ̀pà eléèpo ló máa ń jẹ. Kò gbà kí oúnjẹ wọ yàrá kọ̀ǹpútà, nítorí náà orí bẹ́ǹṣì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti máa ń bó ẹ̀pà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ́ mi níṣẹ́.

Oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan. Pẹ́ńsùlù àti ìwé ló fún mi. Bí mo bá kọ ètò kan, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, mo gbọ́dọ̀ dúró níwájú rẹ̀ kí n máa kà á sókè, kí n máa sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kọ̀ǹpútà bá dé ìlà kọ̀ọ̀kan. Òun á máa bó ẹ̀pà. Bí mo bá dé ibi tí àṣìṣe wà, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Kò ní sọ̀rọ̀. Èmi fúnra mi ni n ó wá àṣìṣe náà kàn, bó gba ìṣẹ́jú márùn-ún, bó gba ọ̀sán kan. Bí mo bá rí i, a ó tún gbọ́ tí èèpo ẹ̀pà ń dún, èmi náà á sì mí.

Lọ́jọ́ kan, ó rí mi tí mo ń fi rọ́bà pa ibi tí mo ti ṣì í rẹ́. Ó gba rọ́bà náà lọ́wọ́ mi, ó jù ú sínú koríko. Ó ní, "Rafiu, ẹni tó bá pa ibi tó ti ṣìnà rẹ́, ibẹ̀ náà ló máa gbà lọ́la. Fa ìlà kan gba orí rẹ̀ kọjá, kí ojú rẹ máa rí i."

Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé ìkà ni ọkùnrin yìí. Sìdíkátù ni orúkọ rẹ̀, Sìdí ni mo ń pè é. A ò tí ì pé ọdún kan tí a fẹ́ra, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tirẹ̀ ní àdúgbò wa. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ìyá tó kọ́ òun níṣẹ́ ní kí òun tú ìṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì kan nígbà mọ́kànlá, nígbà kejìlá ìyá náà ní ti àkọ́kọ́ ló dáa jù. Ó ní, "Ẹ̀pà lásán ni tiyín ń jẹ, ẹ ń sunkún."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́. Gbogbo ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà wa ló ní orúkọ lára rẹ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ilé ìwòsàn sì ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: yàrá ìgbẹ̀bí ní tirẹ̀, yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní tirẹ̀, ọ́fíìsì ìsanwó ní tirẹ̀. Fáìlì tó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà nìkan ló lè ṣí i. Bí nọ́ọ̀sì kan bá wọlé láàárọ̀, tó tẹ orúkọ rẹ̀, kọ̀ǹpútà á ṣa nọ́ńbà gbogbo ẹgbẹ́ tó wà jọ, á tò wọ́n sí àkójọ kan fún un. Àkójọ yẹn ni ìdè kọ́kọ́rọ́ tí yóò máa gbé kiri títí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi parí. Ààyè mẹ́rìndínlógún péré ló sì wà nínú rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn tiwa, gbogbo ọjọ́ Ajé ni àwọn olórí ẹ̀ka máa ń fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí wa: lágbájá ń lọ sí yàrá ìgbẹ̀bí ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ fi kún un. A ó fi kún un. Kò sẹ́ni tó ń fi ìwé ránṣẹ́ pé ó ti kúrò níbẹ̀. Nígbà tó bá tún padà síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé mìíràn á dé, a ó tún fi kún un. Láàárín ọdún kan, nọ́ọ̀sì kan náà á ti wà nínú ẹgbẹ́ ìgbẹ̀bí lẹ́ẹ̀mẹrin. Kọ̀ǹpútà kò bi wá pé kí ló dé. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sí àkójọ títí ààyè á fi kún, á wá da èyí tó kù nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo nọ́ọ̀sì tó dúró ti aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì, tí kọ̀ǹpútà ń sọ fún un pé fáìlì ẹni tó ń tọ́jú kì í ṣe tirẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá pariwo lé wa lórí.

Mazi ní kí n kọ ètò tí yóò máa yọ àwọn nọ́ńbà tó tún ara wọn sọ kúrò nínú àkójọ ẹnikẹ́ni tó bá ń wọlé. Iṣẹ́ àkọ́dá tèmi nìyẹn. Ó kó ìwé lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n kọ ọ́, kí n kà á fún òun kó tó wọ inú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Ogidi láti sin ìyá rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà ṣe é. Èkíní ni pé ká mú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ká fi wé gbogbo èyí tó kù. Ìyẹn lọ́ra, kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò sì lágbára. Aago méje àárọ̀ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni pé ká kọ́kọ́ to àwọn nọ́ńbà náà láti orí kékeré dé orí ńlá. Àwọn tó bá jọra á dúró ti ara wọn. Ká wá rìn kọjá lójú wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: bí èyí bá jọ èyí tó ṣáájú rẹ̀, ká fò ó. Ìlà mẹ́rìnlá. Mo kà á fún ara mi nígbà mẹ́ta, ó dùn mọ́ mi bí orin. Ètò ìsìnkú ìyá Mazi ń gùn, àwọn nọ́ọ̀sì ń pariwo. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ náà ń ta sánsán. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo fi í sínú kọ̀ǹpútà láìdúró de ọ̀gá mi.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ariwo dákẹ́. Fáìlì ń ṣí fún gbogbo ènìyàn. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì, obìnrin kan tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, fi ọsàn apẹ̀rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi. Mo ń rìn bí ẹni tó ra ilé ìwòsàn náà.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé ẹni tó wà níwájú nínú àkójọ yẹn kò dà bí àwọn yòókù. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ tí oníṣẹ́ náà ti wá gan-an. Gbogbo fáìlì tuntun tó bá kọ, nọ́ńbà yẹn ni kọ̀ǹpútà ń lẹ̀ mọ́ ọn lára. Nígbà tí mo to gbogbo wọn láti orí kékeré, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù ló bọ́ síwájú, ì báà jẹ́ àlejò.

Ifeoma ni orúkọ ọmọbìnrin tó ń tẹ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ọmọ Odekpe ni; omi ti gbé oko bàbá rẹ̀ lọ, owó oṣù rẹ̀ ló ń rán àwọn àbúrò rẹ̀ níléèwé. Nọ́ńbà yàrá àyẹ̀wò jẹ́ ọgbọ̀n. Ṣùgbọ́n Ifeoma ti bá ọ́fíìsì ìsanwó ṣiṣẹ́ fún oṣù kan rí, nọ́ńbà tiwọn jẹ́ méjìlá, kò sì sẹ́ni tó yọ ọ́ kúrò. Láti ọjọ́ tí ètò mi ti wọlé, méjìlá ló bọ́ síwájú. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, gbogbo èsì àyẹ̀wò tí Ifeoma tẹ̀ di ohun tí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì ìsanwó lè ṣí. Àwọn dókítà kò fura, nítorí ìwé títẹ̀ ni wọ́n ń kà nígbà náà.

Ẹnì kan ní ọ́fíìsì ìsanwó ṣí èsì ọkùnrin oníṣòwò kan. Àìsàn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń pariwo. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ náà ti dé ìlà ọjà tí ọkùnrin náà ti ń tajà. Ó wá sí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Kò jà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, ó sì bi í léèrè, ní ohùn tó rọlẹ̀, tí gbogbo wa gbọ́: "Ta ló sọ fún wọn kí n tó sọ fún ìyàwó mi?"

Wọ́n wo fáìlì náà. Orúkọ Ifeoma ló wà lára rẹ̀ pé òun ló tẹ̀ ẹ́. Ó búra pé òun ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì láti wá jẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀, kó sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Gbogbo wa ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo bá a kẹ́dùn lẹ́nu géètì. Mo sọ fún un pé Ọlọ́run á fi ẹni tó ṣe é hàn.

Ní ọjọ́ kejì, Mazi dé láti Ogidi. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí n kà á. N kò sọ fún un pé ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní ìlà kẹta, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo wò ó títí, n kò rí nǹkan kan.

Ó ní, "Níbo ni okpara wà?"

Okpara ni Igbo ń pe àkọ́bí ọkùnrin, àwa ń pè é ní dáódù. Mo bi í pé okpara wo.

"Ní ìdílé yín ní Ìwó, bí bàbá bá kú, tí ẹ fẹ́ mọ iye ọmọ tó bí, ṣé ẹ máa ní kí gbogbo wọn dúró ní ìwọ̀n bí wọ́n ṣe ga tó? Ẹni tó bá kúrú jù, kó lọ jókòó sórí àga bàbá?" Ó da èèpo ẹ̀pà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nù. "Rafiu, o tò wọ́n bí ẹni to iṣu. Kékeré síbí, ńlá sọ́hùn-ún. Okpara dà?"

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Ifeoma. Mo wọlé, mo ṣí fáìlì oníṣòwò yẹn, mo wo ẹgbẹ́ tó wà lára rẹ̀. Méjìlá. Mo padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá mi: ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọsàn, Ifeoma. Ó gbọ́ ọ tán, ó kó ẹ̀pà rẹ̀ sápò.

Ó ní, "Ètò yẹn, a ó yọ ọ́ kúrò nísinsìnyí. Ìyókù wà lẹ́nu rẹ. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ló ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Bí ìwọ bá sọ ọ́, ọmọ ọlọ́mọ á bọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má rò pé ó rọrùn. Ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́, kò sẹ́ni tí yóò bi í ní ìbéèrè kejì. Sìdí wà nínú oyún Kúdírá, àkọ́bí wa. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìrun Alásàrì. Ó ń fi ṣọ́ọ́kì sàmì sórí aṣọ, kò dá ọwọ́ dúró bí mo ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo parí, ó bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá Ráfíù, ṣé wọ́n á lé yín?"

Mo ní ó ṣeé ṣe.

"Tí ẹ ò bá sọ ọ́ ńkọ́, ṣé wọ́n á lé òun?"

Mo ní ó dájú.

Ó mú àlùmọ́gàjí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ náà. "Àwa á jẹun. Mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Ifeoma ò ní ẹ̀rọ ìránṣọ." Nígbà tó gé e tán, ó ní, "Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún o. Inú ilé tèmi kọ́ ló máa sùn ní gbogbo ogún ọdún yẹn."

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn márùn-ún ló jókòó ní ìgbìmọ̀. Ifeoma àti àbúrò bàbá rẹ̀ jókòó sí ìkángun tábìlì. Mo tọrọ ṣọ́ọ́kì, mo ya àkójọ rẹ̀ sára pátákó, bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe rí lẹ́yìn tí mo fọwọ́ kàn án. Mo ní èmi ni mo gbé méjìlá síwájú ọgbọ̀n, mo sì ṣe é láìjẹ́ kí ọ̀gá mi rí i. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Rafiu, ṣé o ti jẹ ọsàn mi tán?" Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Ifeoma kò rẹ́rìn-ín. Ó wojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Igbo ló fi bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Oga Rafiu, tí Mazi ò bá dé láti Ogidi ńkọ́?"

Mo fa ìlà kan gba orí méjìlá tó wà níwájú kọjá.

Ọjọ́ náà gan-an ló padà sídìí tábìlì rẹ̀. Ẹni tó ka fáìlì tí kì í ṣe tirẹ̀ gba ìyà tirẹ̀. Èmi, wọn ò lé mi. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà fún oṣù mẹ́ta. Mo padà sí ìdí pẹ́ńsùlù. Mo bá ọ̀gá àgbà lọ bẹ oníṣòwò náà nílé rẹ̀. Ó fún wa ní omi, ó gbọ́ wa dé òpin, ó dúpẹ́ pé a wá, kò sì wá sí ilé ìwòsàn wa mọ́ láyé. Ẹyin lohùn. Gbogbo ètò tí mo kọ láti ìgbà náà, kò sí èyí tó lè kó ìyẹn jọ.

Nínú oṣù mẹ́ta náà ni mo tó kọ́ iṣẹ́. Mazi fi hàn mí pé a gbọ́dọ̀ fi ẹni iwájú sílẹ̀ ní àyè rẹ̀, kí títò bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹnì kejì. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ó wá bi mí: bí nọ́ńbà okpara bá tún fara hàn láàárín àwọn yòókù ńkọ́, ṣé ká yọ ọ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti di méjì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀sán méjì ni mo fi rí i. Àwọn ètò kan wà tó máa ń gba ipò iwájú lọ́wọ́ okpara fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, láti fi ṣe iṣẹ́ kan. Bí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá sí níbòmíràn nínú àkójọ, òun fúnra rẹ̀ á di àlejò nílé ara rẹ̀ títí wọ́n á fi dá ipò rẹ̀ padà. Nítorí náà, a fi ọ̀kan sílẹ̀ fún un láàárín àwọn àbúrò rẹ̀. Ẹ̀dà tó bá nídìí kì í ṣe ìdọ̀tí. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: ètò tí a kọ nígbà náà kò já ẹnikẹ́ni kulẹ̀ ní gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀.

Irinṣẹ́ ń yí padà, èmi náà ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá tó gba odindi yàrá kan lọ, kékeré tó ń gbé abẹ́ tábìlì dé. Àwọn lẹ́tà aláwọ̀ ewé kúrò lójú rẹ̀, àwòrán gba ibẹ̀. Mazi fẹ̀yìn tì, ó fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀ fún mi, lẹ́yìn ọdún mélòó kan ó fi ayé sílẹ̀. Ààyè inú àkójọ kúrò ní mẹ́rìndínlógún, ó di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwọn ọ̀dọ́ sì ń sọ pé kí ló kàn wá mọ́ pẹ̀lú yíyọ ẹ̀dà. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé yàrá tó fẹ̀ kò ní ká má gbálẹ̀. Ifeoma di olórí ẹ̀ka ìwé àkọsílẹ̀. A kì í ṣe ọ̀rẹ́ tí ń jẹun pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ètò kan tí mo gbé wọlé tí kò ní wá dúró lẹ́yìn àga mi, kó bi mí pé, "Oga Rafiu, okpara jókòó dáadáa?" N kò sì bínú sí i rí.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan fi kọ̀ǹpútà tó ń kọ ètò fúnra rẹ̀ hàn mí. Mo ní kó bá mi kọ èyí tó ń yọ ẹ̀dà kúrò nínú àkójọ ẹgbẹ́. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti kọ ọ́. Mo kà á sókè, mo dé ìlà kẹta, mo dúró. Ó ti to gbogbo wọn bí iṣu. Mo sọ fún un, ó tọrọ àforíjì kíákíá ju bí èmi ti tọrọ lọ, ó sì tún un kọ. Ọmọ náà ní, "Bàbá, ta ló máa mọ̀ tó bá jẹ́ pé ẹ ò sí níbí?" Mo ní ìwọ ni, bí o bá kọ́ bí a ti ń kà á. Ó ti ń wá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá wù, kó máa bọ̀. Mo ní pẹ́ńsùlù.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ sọ.

Ọdún kejì tí mo fẹ̀yìn tì ni ara Sìdí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Ó lọ ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn wa náà. Ọjọ́ tí wọ́n pè é pé èsì ti dé, òun nìkan ló wọlé bá dókítà. Ó délé, ó ní wọ́n ní kí òun padà wá, ó sì jókòó ti ìránṣọ rẹ̀. Ọdún méjìdínlógójì ni a ti wà pọ̀. Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ ra ìṣó ní ọjà Ogidi. Ilé ìwòsàn ni mo lọ. Ifeoma wà nídìí tábìlì rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun. Ó mọ ohun tí mo bá wá kí n tó jókòó. Mo ní kì í ṣe pé mo fẹ́ ka fáìlì, kó ṣáà sọ fún mi bóyá ó burú.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Oga Rafiu, àwọn wo ló wà nínú ẹgbẹ́ tó lè ṣí i?"

Mo ní dókítà, yàrá àyẹ̀wò, àti òun.

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"N kò sí níbẹ̀."

"Ta ló kọ ètò tó ní kẹ́ ẹ má sí níbẹ̀?"

Mo wolẹ̀. Ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo rò pé ó fẹ́ ṣí i. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí ògiri ni. Ó ní, "Ndo, ẹ pẹ̀lẹ́. N kò sọ pé nǹkan kan wà, n kò sì sọ pé kò sí. Ẹ máa lọ sílé. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu." Ó sìn mí dé ẹnu géètì, ibi tí mo ti bá a kẹ́dùn ní ọdún tó ti pẹ́.

Inú bí mi sí i títí mo fi dé afárá Nkisi. Mo ń rò ó pé obìnrin tí mo gbà sílẹ̀ kò lè ṣe ìwọ̀nba yẹn fún mi. Lórí afárá náà ni mo rántí ìbéèrè oníṣòwò yẹn, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ẹnikẹ́ni kò tí ì ṣe mí lóore tó bẹ́ẹ̀. N kò ra ìṣó. Mo délé, n kò bi Sìdí ní nǹkan kan. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà mo jókòó tì í, mo ń bá a ki òwú sí abẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí mo ti kírun dé, ó pa ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní, "Bàbá Kúdí, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ kan wà. Mo ti ń to bí n ó ṣe sọ ọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kúdírá ò tí ì gbọ́, àwọn àbúrò rẹ̀ ò tí ì gbọ́. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Mo fa àga mi súnmọ́ ọn. Mo ní kó máa sọ ọ́, mo ń gbọ́.